Isoe, Abọ́ Ìrẹsì, àti Ẹni Tí Yóò Di Okùn Mú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Isoe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ lè máa sọ pé "ẹ fara balẹ̀, kò sí wàhálà," ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kì í parọ́. Níbi ìsìnkú, lọ́dọ̀ dókítà eyín, lábẹ́ tábìlì ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ Isoe á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ìrù ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú ọkọ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ló ti lò láyé, àwa tí a sì dàgbà ládùúgbò rẹ̀ ò tíì rí i kó jẹun tán lórí ìjókòó rí. Ìdúró ló fi ń jẹun, ìdúró ló fi ń mu tíì. Wọ́n ní ìdúró náà ló wà nígbà tí Torao sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́. Sún sẹ́yìn, orí àwọ̀n mi lo dúró sí."

Ibì kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ ti máa ń balẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ni. Iṣẹ́ áma ni iṣẹ́ ìdílé wọn ní etíkun Ṣíma: obìnrin á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á rì wọnú omi láìgbé ohunkóhun dání àfi irin pẹlẹbẹ kan, á máa fi yọ ìgbín òkun lára àpáta títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Isoe nígbà tó kọ́kọ́ rì. Nísàlẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ tí kì í sinmi yìí á dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún wa nídìí iná lẹ́yìn iṣẹ́ pé, lókè, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan ń lé òun. Pé tí òun bá ti rì báyìí, onítọ̀hún á dúró sí èbúté.

Okùn kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Orí rẹ̀ kejì wà lọ́wọ́ Torao nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá di irú okùn bẹ́ẹ̀ mú, tómáè là ń pè é. Bí obìnrin bá fa okùn nísàlẹ̀, tómáè á wọ́ ọ sókè kíákíá. Ṣùgbọ́n tómáè tó mọṣẹ́ kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá fa okùn. Ìgbà tí obìnrin bá ti rì, òun náà á sé èémí rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ẹni tó wà lókè kì í lè sé èémí tó ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àyà tirẹ̀ bá fẹ́ bẹ́, ìgbà yẹn gan-an ló tó kó fa okùn. Torao ti fa Isoe sókè lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí Isoe alára ò mọ̀ pé òun ti fẹ́ máa sùn lọ. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi okùn lé àlejò lọ́wọ́. Ọkọ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, tàbí ọmọ tí èèyàn fi inú ara rẹ̀ bí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Torao fi wà nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń jù sókè sódò, kò ṣubú lọ́jọ́ kan. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣí òkun fún iṣẹ́ ọdún, ó gun àpótí ìjókòó ní ilé ìwẹ̀ láti pààrọ̀ gílóòbù. Àpótí yẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì.

Òfin ẹgbẹ́ apẹja ò sì ṣòroó yé: obìnrin tó bá fẹ́ rì láti inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ tómáè rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó ṣáájú ìṣíde, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ẹni tí kò bá lórúkọ tó fi sílẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ kọ́ ló ń ba Isoe lẹ́rù, ìyá rẹ̀ ni. Ikọ́ ló mú ìyá rẹ̀ jókòó sílé lọ́dún kan ṣoṣo, wọ́n ní kó sinmi díẹ̀. Ìsinmi díẹ̀ yẹn ló di ọdún mọ́kànlá lórí àga kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo omi, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá bóyá omi gbóná tàbí ó tutù. Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Isoe kì í jókòó lé e. Tó bá ń kọjá lára rẹ̀, ńṣe ló máa ń fẹsẹ̀ ti í.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìṣíde nìyí. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ìyá Namie, jókòó," Torao wí láti ìdí tábìlì, apá rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Namie ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan lórí òkè, ó sì ti lọ síbi iṣẹ́, wọn ò lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún okùn. "O ti nu tábìlì yìí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀dà ẹ̀ ti fẹ́ bó."

"Ta ló gun àpótí?" Isoe bi í.

Torao ń tún aṣọ apá rẹ̀ ṣe.

"Mo ní ta ló gun àpótí?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n nu tábìlì mi."

Ó ti fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Toba láàárọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó fóònù ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ ló fẹ́ di okùn mú fún. Ó tilẹ̀ fóònù ọkùnrin kan tí òun kọ̀ láti fẹ́ ní ọdún márùndínláàádọ́ta sẹ́yìn, ìyẹn kàn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí kò tíì bi. Onítọ̀hún wà nínú ilé, ní igun yàrá, ó ń fi òkúta ìpọ́nbẹ pọ́n ọ̀bẹ.

Hideomi lorúkọ rẹ̀, ọkọ Namie. Oṣù márùn-ún nìyí tó ti kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Seki ni, ní àárín òkè Gifu, níbi tí èèyàn ti lè gbó kó sì kú láìfi ojú kan òkun. Ọ̀bẹ ni gbogbo ìdílé wọn ń rọ. Ọkùnrin náà ò burú. Ohun tó kàn ń ṣe Isoe lórí rẹ̀ ni pé kì í kánjú. Tó bá so okùn bàtà tán, á wò ó, á tú u, á tún un so. Tí èèyàn bá bi í léèrè ní òwúrọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sán ni ìdáhùn á dé. Isoe máa ń sọ fún Namie pé, "Ọkọ ẹ dáa, ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ fi ọwọ́ gbún un wò bóyá ó ṣì wà láàyè."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tsuruko ni, aládùúgbò wọn àti ẹlẹgbẹ́ Isoe nínú omi láti kékeré, tó jẹ́ pé bí kò bá bú Isoe láàárọ̀, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ó gbé ààbọ̀ ẹja kátsúò lọ́wọ́, ó pupa bí aṣọ ìyàwó.

"Gbà. Inú ọkọ̀ ọkọ mi ló ti wá, kò tíì pé wákàtí mẹ́ta tó ti ń bú èèyàn nínú òkun. Ṣé o ti rí èèyàn?"

"Mò ń wò ó."

"O ń wò ó? Òkùnkùn lo ń wò. Isoe, gba ọ̀rọ̀ mi. Bá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ láti etí omi ṣe lọ́dún yìí. Wọn ò nílò okùn."

"Níbi tí omi ò ti ju orúnkún lọ? Kí n máa ṣa ewéko òkun bí àgbà tí ń ṣa igi ìdáná?"

"Àgbà wo lo tún ń wá? O fẹ́ pé àádọ́rin!"

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo gbé mi lọ síléèwé!"

Tsuruko na ọrùn wo inú yàrá, ó rí Hideomi pẹ̀lú òkúta rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Tsuruko tí ó bá rẹ̀ sílẹ̀ gan-an ṣì lè jí òkú. "Àti ọkọ Namie yẹn?"

"Ìyẹn? Rárá o."

"Òótọ́ ni. Kó tó rántí pé èèyàn wà nísàlẹ̀, a ti ń jẹ oúnjẹ ìsìnkú ẹ." Ó tún bàtà rẹ̀ wọ̀. "Mò ń lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, ojú fèrèsé yín ni mo máa gbà. Tí o bá ti rí orúkọ, ké sí mi. Tí o ò bá rí, má jẹ́ kí n rójú ẹ, mi ò fẹ́ sunkún láàárín ìgboro."

Ó lọ. Isoe wo ẹja, ó wo aago. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè dúró lásán. Ó ní kí òun se tékónè.

Oúnjẹ oníkánjú ni tékónè, inú ọkọ̀ apẹja ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ gbá kátsúò ò ráàyè jókòó jẹun, ni wọ́n bá ń gé ẹja, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi sóyà oníyọ̀, wọ́n ń dà á lu ìrẹsì, wọ́n ń fọwọ́ pò ó, wọ́n ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, wọ́n ń padà sídìí ìwọ̀. Bí oúnjẹ bá jẹ́ èèyàn, tékónè ni Isoe.

Ó fọ ìrẹsì, omi ta sí ara ògiri. Ó gbé e kaná pẹ̀lú omi tó dín díẹ̀, kó lè le. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó fi kan ẹja. Ọ̀bẹ kọjá lára ẹja bí ẹni pé kò sí ẹja níbẹ̀, ó sì wọnú pákó.

"Ta ló fọwọ́ kan ọ̀bẹ mi?"

Hideomi gbójú sókè. Ó ronú díẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Lánàá. Ó ti kújú."

"Ó kújú! Ogún ọdún ni mo fi ń bá a jà, a ti mọwọ́ ara wa! Ó kù díẹ̀ kí n gé àtàǹpàkò mi sínú oúnjẹ!"

"Ẹ má fagbára tẹ̀ ẹ́, Ìyá. Ẹ kàn fà á."

"Ẹ kàn fà á," Isoe sín in jẹ. Ṣùgbọ́n ó fà á. Ègé ẹja ń wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nípọn bí ìka, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó bínú pé ó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó da omi sóyà sí i, ṣúgà díẹ̀, ọtí dídùn, atalẹ̀ tó rin. Ó fọwọ́ rò ó. Kí ẹja tó mu omi yẹn, kò ju kí ìrẹsì jinná lọ.

Ó ṣí ìkòkò wò.

"Ìyá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kó jinná," Hideomi wí.

Ó pa á dé. Ó lọ wo ojú fèrèsé. Ó padà wá, ó ṣí i.

"Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ṣé ìwọ ni aago ni?"

"Ìyá Namie," Torao wí, "bí o bá tún ṣí ìkòkò yẹn, ìrẹsì máa jáde wá bẹ̀ ẹ́."

Aago mọ́kànlá ti lù tipẹ́. Isoe ka orúkọ gbogbo ọkùnrin abúlé nínú ọkàn rẹ̀, láti èbúté dé ojúbọ orí òkè, ó tún kà á padà sísàlẹ̀. Èyí ń mutí. Èyí ti ní ìyàwó tó ń rì. Èyí kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbàkúgbà tí kíkà bá kan ilé tirẹ̀, á fò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ti dé orí àga ìyá rẹ̀.

Ìrẹsì jinná. Ó dà á sínú ọpọ́n pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó da ọtí kíkan tó ti po mọ́ ṣúgà àti iyọ̀ lé e lórí, èéfín sọ gbì. "Wá máa fẹ́ ẹ," ó sọ fún Hideomi, ó ju abẹ̀bẹ̀ sí i. Hideomi kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Fìì. Ó sinmi. Fìì.

"Ṣé ìrẹsì lò ń fẹ́ ni àbí o ń júwe ọ̀nà fún un?"

"Kó má bàa gbẹ, Ìyá."

Torao rẹ́rìn-ín sínú aṣọ apá rẹ̀. Isoe wo aago: ogún ìṣẹ́jú ló kù kí ó lu méjìlá. Ó ro ẹja kúrò nínú omi sóyà, ó dà á sórí ìrẹsì, ó ká apá aṣọ sókè.

Ẹ dúró kí n sọ eléyìí kó tó kó ọwọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń po tékónè pẹ̀lú ọwọ́, imú rẹ̀ wà lókè ọtí kíkan gbígbóná. Tó bá mí sínú, á wúkọ́ títí omi á fi yọ lójú rẹ̀. Isoe, gẹ́gẹ́ bí áma, kì í da ara rẹ̀ láàmú: á mí kanlẹ̀, á sé e, á pò ó tán, á sì tú èémí náà sílẹ̀ pẹ̀lú súfèé, irú súfèé tí obìnrin ń sú tó bá yọrí jáde nínú òkun. Kì í pẹ́. Ìṣẹ́jú kan ò pé.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìrẹsì.

Ó gbóná, ó rọ̀. Ẹja tutù láàárín rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó ń gbé e, ó ń yí i, ó ń wá ẹja bí ẹni ń wá ìgbín lábẹ́ àpáta, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe é kó má bàa fọ́. Ó rántí àpáta ńlá kan tó jọ màlúù tó dùbúlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lọ́dún tó kọjá, ó fi ìgbín kan sílẹ̀ tí kò tíì tó ìwọ̀n, ó ní kó dúró de òun. Ta ni yóò lọ bá a báyìí? Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Aago dákẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́. Láti ìgbà tí Torao ti jábọ́ lórí àpótí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń lé e kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí òun dúró níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i.

Ni nǹkan kan bá gbá a mú lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì, ó sì wọ́ ọ sókè pẹ̀lú agbára. Ìrẹsì fò. Ègé ẹja kan lẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà. Súfèé jáde lẹ́nu Isoe, ó gùn, ó mú, àwa tó wà lójú títì gbọ́ ọ.

Hideomi ló dì í mú. Ojú rẹ̀ ti pupa fòò, ó ń mí gùlegùle bí ẹni tó gun òkè. "Ìyá," ó wí, "ẹ ti pẹ́ jù níbẹ̀."

"Ṣé orí ẹ pé? O da oúnjẹ mi nù!"

"Ẹ ti pẹ́ jù. Àyà mi ti fẹ́ bẹ́."

"Kí ló kan àyà tìẹ nínú ìrẹsì tí mò ń pò?"

Hideomi wo Torao, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún, ó dáhùn kíá. "Ṣé kì í ṣe àṣà ilé ni? Tí ẹ bá ti kó ọwọ́ sínú ìrẹsì, Bàbá á sé èémí. Mo rí i láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn, pé kò dáa kí èèyàn máa mí nígbà tí Ìyá bá ń pò ó. Ni èmi náà ń sé e. Ojoojúmọ́ tí ẹ bá ti ń pò ó."

Isoe yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo tábìlì.

"Bàbá Namie. Ṣé o máa ń sé èémí nídìí oúnjẹ?"

"Mi ò mọ̀," Torao wí. Etí rẹ̀ pọ́n. "Ọwọ́ ẹ á rì, àyà mi á dé. Ọdún mọ́kànlélógójì ni. Èmi náà sé e lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà nínú aṣọ. Mò ń wò ó bóyá á fà ẹ́."

Isoe wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí ìka Hideomi ṣì ti hàn pẹ̀lú hóró ìrẹsì. Kò dùn ún. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kò já a. Ó fà á tààrà sókè bí wọ́n ṣe ń fa èèyàn tí wọn ò fẹ́ kó forí gbá ìdí ọkọ̀. Oṣù márùn-ún. Ojoojúmọ́.

"Ìwọ," ó wí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Kódà díẹ̀?"

"Kódà nínú bafù, ẹ̀rù máa ń bà mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Torao wí láti ìdí tábìlì. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, ńṣe ló máa bẹ́ sómi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá di òkú méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, okùn nìkan ló ní. Kò ní fi í sílẹ̀."

"Inú ọkọ̀ máa mú ẹ bì," Isoe sọ fún Hideomi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó lè ṣẹlẹ̀."

"Ibi ẹsẹ̀ ara ẹ ni kí o bì í sí, má bì í sórí mi."

Hideomi ronú sí i. Ó ronú pẹ́, Isoe fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Lẹ́yìn náà ló wólẹ̀ lórí ẹní, tó fi iwájú orí kan ilẹ̀, tó ní, "Màá dì í mú."

Bàtà Tsuruko ń dún lójú títì. Isoe sáré dé ojú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìrẹsì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ṣí.

"Tsuruko! Kọ Hideomi sílẹ̀!"

"Ta ni Hideomi?"

"Ọkọ Namie! Ọmọ Gifu!"

"Èwo? Èyí tó ń pọ́nbẹ? Isoe, ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí?"

"Kọ ọ́! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù, ẹsẹ̀ ẹ ò sì gbéra mọ́ láti ọdún tó kọjá!"

"Ẹsẹ̀ tèmi?" Tsuruko ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń bú Isoe lọ lójú ọ̀nà títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. A ò rí Tsuruko kó sáré láti ọjọ́ tí ìjì gbé òrùlé ilé rẹ̀.

Isoe gbọn ọwọ́ nù. Ó bu tékónè sí abọ́ mẹ́ta, ó fọ́n yànmọ̀tí sí i, ó rẹ́ ewé òkun gbígbẹ lé e. Ó ṣí ẹja lára kàlẹ́ńdà, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú abọ́ Torao. Torao rí i, ó jẹ ẹ́. Ẹni tó gun àpótí ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Wọ́n ń jẹun nígbà tí gbohùngbohùn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ láti èbúté: obìnrin, tómáè, obìnrin, tómáè. Isoe dúró nídìí iná pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń kà á wúkọ́, ó wá ka orúkọ ọmọ Gifu, ó sì tún un kà bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Isoe gbé abọ́ rẹ̀, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró síbi tí àga wà tẹ́lẹ̀, ó ń jẹun, ó ń wo omi.

"Hideomi!" ó pè láìwẹ̀yìn. "Jẹun kíá. A ń lọ wo okùn."

"Mò ń bọ̀, Ìyá," ohùn kan dáhùn láti inú ilé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ tó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tó ń tú u. Ó gbọ́ ọ tó tún ń so ó. Isoe la ẹnu láti bú u, ó sì pa á dé.